Iṣu Tí Mo Dá Padà

Ọ̀pọ̀ ọdún ni àbúrò mi Akíntúndé fi ń sọ ọ́ káàkiri Ago Alaye pé èmi ni mo ta ilẹ̀ bàbá wa tó wà lọ́nà Ajue, àti pé owó ilẹ̀ náà ni mo fi ra ilé sí etí òkun ní ìlú òyìnbó. Àwọn ènìyàn kò gbà á gbọ́. Wọ́n ní ọ̀mùtí ni. Wọ́n ní ìlara ló ń dà á láàmú. Mo mọ̀ pé wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀, torí wọ́n máa ń pè mí láti ròyìn rẹ̀ fún mi, kí inú mi lè dùn sí wọn. Mo ti di arúgbó báyìí. Mo ní ẹjọ́ púpọ̀ láti bá ọ̀pọ̀ ènìyàn rò, Akíntúndé sì wà nínú wọn. N ó rò ó bó ṣe rí, láìfi ti ẹnikẹ́ni pamọ́.

Olùkọ́ ni mí. Mo gba oyè ní yunifásítì nígbà tí àwọn obìnrin agbègbè wa tó débẹ̀ kò ju ẹni tí a lè fi ìka ọwọ́ kan kà. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ore. Lẹ́yìn tí àwọn sójà gba ìjọba, owó oṣù wa di ohun tí à ń gbọ́ lórí rédíò. A ń tò ra ọṣẹ àti mílíìkì, sójà a sì máa fi kòbókò tọ́ wa sí ìlà bí ẹni da màlúù. Mo lè fara da ìyẹn. Ohun tí n kò lè fara dà ni pé ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa mú ipò igbákejì tó tọ́ sí mi, ó fún ọmọkùnrin kan tí èmi fúnra mi kọ́ ní ìwé. N kò ní dárúkọ ọ̀gá náà. Ó ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì pọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n á mọ ara wọn bí wọ́n bá ka èyí. Ọdún yẹn ni mo kúrò nílé.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní Margate, ìlú etí òkun tí mo dé sí nílẹ̀ òyìnbó, kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi. Òkun ibẹ̀ ni. Mo mọ òkun. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bàbá mi mú mi lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ, mo rí bí òkun ṣe ń rùn, bí ènìyàn ṣe ń pariwo létí rẹ̀, bí ẹja ṣe ń ta pútúpútú nínú apẹ̀rẹ̀. Ní Margate, tọkọtaya á wa mọ́tò wá sí etí òkun, wọ́n á yí gíláàsì sókè, wọ́n á kọjú sí omi, wọ́n á máa jẹ ànàmọ́ díndín láìbá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán, wọ́n á lọ sílé. Mo ń wò wọ́n, mo ń ronú pé ta ló kú fún wọn.

Ilé àwọn arúgbó ni mo ti ríṣẹ́. Èmi tí mo ti dúró níwájú ọgọ́rin ọmọ, mo wá ń wẹ àwọn tí àwọn ọmọ tiwọn kò fẹ́ wẹ̀. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó máa ń yẹ aṣọ ìnura wò lẹ́yìn tí mo bá nù ún tán, bóyá dúdú mi ti ran aṣọ. Lọ́jọ́ kan mo sọ fún un pé, "Kò ní ràn ọ́, bàbá. Bí ó bá lè ran ènìyàn ni, ilé yìí ì bá ti dúdú." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Láti ọjọ́ náà, èmi nìkan ló gbà kí ó wẹ òun.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo máa gbé ló le jù. Bí mo bá tẹ ẹni tó ní yàrá láago, ohùn mi máa ń dà bí ti olùkọ́, wọ́n á ní kí n máa bọ̀. Bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà tí wọ́n rí ojú mi, yàrá ti tán. Ẹ̀ẹ̀meje ni yàrá tán bẹ́ẹ̀ kí ọkùnrin kan tó gbà mí. Ó fi ẹ̀rọ kan sí ara ògiri, bí mo bá fẹ́ kí yàrá móoru, mo ní láti máa fi owó bọ́ ọ lẹ́nu bí ẹni ń bọ́ ẹran. Bí n kò bá sí nílé, ọkùnrin náà á ṣí ilẹ̀kùn mi, á wo inú ìkòkò mi. Ó lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe se oúnjẹ tó ń rùn. Èmi nìkan ni mo ń gbé òkè yẹn, síbẹ̀ "ẹnikẹ́ni" ni ó kọ.

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo wo ìwé yẹn. Ọmọ onílẹ̀ ni mí. Nínú ilé bàbá mi, àwọn ẹlòmíràn ló ń wá bẹ̀ wá fún ibi tí wọ́n máa gbé ẹsẹ̀ lé. N kò tíì gbé ayé rí gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń ṣí ìkòkò rẹ̀ wò. Mo sọ nínú ọkàn mi pé ohunkóhun tó bá gbà ni n ó fún un, ṣùgbọ́n n ó ní ilẹ̀kùn tèmi. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yẹn, ohunkóhun. Mo sọ ọ́, mo sì ṣe é.

Kí n tó lọ síwájú, ó yẹ kí n sọ nípa Bàbá Làmídì.

Apá Ìwó ni Bàbá Làmídì ti wá, kí wọ́n tó bí mi. Ó wá ilẹ̀ kòkó wá, bàbá mi sì mú un wọ igbó kan lọ́nà Ajue, ó fi ẹsẹ̀ rìn ín yí ká pẹ̀lú rẹ̀, ó ní, "Ilẹ̀ ni tiwa, igi ni tìrẹ." Ìwé kankan kò sí láàárín wọn. Ní gbogbo oṣù Kejìlá, Bàbá Làmídì á mú ìṣákọ́lẹ̀ wá: iṣu mẹ́wàá àti kẹ́ẹ̀gì epo pupa kan. Bàbá mi á gbà á, á dúpẹ́, lẹ́yìn náà á mú iṣu tó tóbi jù nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, á fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún un. N kò mọ̀ bóyá àwọn onílẹ̀ mìíràn ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ilé tiwa, ohun tó túmọ̀ sí ni pé: lọ jẹun, ilẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ títí di ọdún tó ń bọ̀. Bí onílẹ̀ bá kó gbogbo iṣu wọlé láìdá ọ̀kan padà, ọ̀rọ̀ ti dé nìyẹn. Kí àlejò tètè lọ wá ẹni tí yóò bá a bẹ̀bẹ̀, tàbí kó wá ibòmíràn.

Nígbà tí bàbá mi fẹ́ kú, kò fi ìwé ilẹ̀ lé Akíntúndé lọ́wọ́. Èmi ló fi lé lọ́wọ́, èmi obìnrin, torí Akíntúndé ti ta kẹ̀kẹ́ bàbá wa lẹ́ẹ̀kan rí fi mu ọtí. Láìsí ọwọ́ mi nínú ìwé, kò sí ẹni tó lè ta ibẹ̀. Akíntúndé kò dárí ìyẹn ji bàbá wa rí, kò sì dárí ẹ̀ jì mí.

Ní ayé ìgbà yẹn, bí mo bá fẹ́ bá ilé sọ̀rọ̀, Akíntúndé ní láti lọ jókòó sí ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ní Ore láàárọ̀ Sátidé kí n tó pè. Ariwo mọ́tò ojú títì á máa wọ inú ohùn rẹ̀. Mo fẹ́ràn ariwo yẹn ju ohùn rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan mo bi í pé:

"Akin, ṣé kò sí ẹni tó ń béèrè ilẹ̀ níbẹ̀?"

"Ọ̀gá sójà kan ń béèrè ti ọ̀nà Ajue, sístà mi. Ó fẹ́ gbin ọ̀pẹ. Ṣùgbọ́n mo ti sọ fún un pé Bàbá Làmídì wà lórí ẹ̀."

"Kí ló wí?"

"Ó ní òun ò ra àlejò, ilẹ̀ lòun fẹ́ rà."

"Sọ fún un pé n ó wálé ní Kejìlá."

"Sístà mi, Bàbá Làmídì ńkọ́?"

"Mo ní n ó wálé."

Mo wálé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, a gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ sí ọ́fíìsì lọ́yà kan ní Ore. Ọ̀gá sójà náà kò wá fúnra rẹ̀. Ó rán ọmọ iṣẹ́ kan tó wọ bàtà sójà, tí kò bọ́ fìlà. Mo ka ìwé náà láti òkè délẹ̀. Mo tún àṣìṣe gírámà méjì ṣe nínú rẹ̀, torí n kò lè fọwọ́ sí ohun tí wọn kò kọ dáadáa. Mo wá fọwọ́ sí i. Akíntúndé fọwọ́ sí i lẹ́yìn mi.

Nígbà tí a ń sọ̀kalẹ̀, ó ní, "Sístà mi, ẹ jẹ́ ká lọ sọ fún bàbá yẹn. Kó lè ká kòkó tó wà lórí igi, kó wá ibì kan kí òjò tó dé."

"Bí o bá sọ fún un, gbogbo Ajue ló máa wá jókòó síwájú ilé wa. Ìyàwó rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n á máa sunkún sí mi lára."

"Wọ́n á sunkún lóòótọ́."

"Jẹ́ kí n wọ bààlúù ná. Lẹ́yìn náà, sọ ohun tó bá wù ọ́."

Ó wò mí. Kò tíì mu ọtí lọ́jọ́ yẹn. "Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé," ló sọ, ó sì gun ọ̀kadà lọ, ó fi mí sílẹ̀ níbẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, Bàbá Làmídì ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọ inú àgbàlá wa ní Ago Alaye. Ó ti so iṣu mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó sì gbé kẹ́ẹ̀gì epo kọ́ ọwọ́ rẹ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun tán.

"Ìyá òyìnbó," ló ní. "Wọ́n ní ẹ ti dé, mo ní kí n wá wò ó bóyá ẹ ṣì ń jẹ iṣu."

"Mo ṣì ń jẹ ẹ́, Bàbá. Ẹ káàbọ̀. Ìyá ńkọ́?"

"Ó wà. Ó ní kí n kí yín dáadáa. Ó ní bí ẹ bá ti gbàgbé Yorùbá, kí n fi ọwọ́ júwe." Ó rẹ́rìn-ín, mo bá a rẹ́rìn-ín. "Òyìnbó tó bá ń jẹ iṣu, tiwa ni."

Ó to iṣu mẹ́wẹ̀ẹ̀wá síwájú mi. Mo ní kó jókòó, kò jókòó. Ó dúró bó ṣe máa ń dúró níwájú bàbá mi, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wo òde bí ẹni pé kò retí nǹkan kan. Akíntúndé dìde kúrò níbi tó jókòó sí, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

Mo lè kó gbogbo iṣu náà wọlé. Mo lè ní kí ẹnì kan wá kó o. Òun náà ì bá ti mọ̀, láìjẹ́ pé mo la ẹnu. Ojú mi ì bá ti tì mí fún ọ̀sẹ̀ kan, òun ì bá sì ti ní oṣù mẹ́fà láti wá ibi tó máa lọ. Mo bẹ̀rẹ̀, mo mú iṣu tó tóbi jù, mo fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún un.

Èjìká rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀rù ń bà á. Ó fi iṣu náà kan iwájú orí, ó ní, "Ọlọ́run á jẹ́ kí ilẹ̀ gbà yín níbikíbi tí ẹ bá dé."

Mo ní àmín. Mo fi ọ̀kan nínú mẹ́sàn-án tó kù sínú àpótí mi, mo gbé e dé Margate, mo sè é nínú yàrá tí ẹ̀rọ ti ń jẹ owó. Ó dùn. Ó yẹ kí n sọ pé kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi, ṣùgbọ́n ó lọ, ó dùn.

Nígbà tí wọ́n pàrọ̀ owó ilẹ̀ náà sí pọ́n-ùn, ó wá sunkì. Náírà ń bọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́ nígbà yẹn. Oko kòkó tó máa gba ènìyàn ní òwúrọ̀ kan kó tó rìn ín yí ká kò ra ju ilé ìdáná mi lọ. Bánkì ló ra ìyókù, mo sì fi ọdún méjìdínlógún wẹ àwọn arúgbó kí n tó san án tán. Síbẹ̀ mo ní ilẹ̀kùn. Òkè ilé àtijọ́ kan ni, yàrá méjì, bí mo bá sì yọ orí dáadáa lójú fèrèsé, mo ń rí òkun. Lọ́jọ́ tí wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́, mo se ọbẹ̀ pánlá. Mo ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀ kí ó lè rùn dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń ṣí ìkòkò mi wò ní òpópónà kejì. Ayọ̀ tí mo ní lọ́jọ́ náà, n kò ní i lọ́jọ́ tí mo gba oyè ní yunifásítì.

Ní àárín òjò ni Akíntúndé pè. Wọ́n ti gbé katakata wọ oko. Bàbá Làmídì dúró síwájú igi, ó ní ọmọ onílẹ̀ kò tíì lé òun. Àwọn sójà gbé e sẹ́yìn mọ́tò bí ẹni gbé àpò kòkó, wọ́n já a sílẹ̀ ní ìkóríta Ore.

"Kí ni o sọ fún un lẹ́yìn tí mo lọ?" ni mo bi í.

"N kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀yin ti dá iṣu padà. Kí ni kí n sọ lẹ́yìn ìyẹn?"

"Ìwọ lo mú oníbàárà wá."

"Èmi?" Mo gbọ́ ariwo ọkọ̀ ńlá kan tó kọjá lẹ́yìn rẹ̀. "Ó dáa, sístà mi. Èmi ni."

Lẹ́yìn oṣù kan, olórí ẹbí wa kọ̀wé sí mi láti béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo fèsì. Mo kọ ọ́ pé èmi wà ní òkè òkun, pé n kò lè mọ gbogbo ohun tí àbúrò mi bá ń ṣe lẹ́yìn mi, pé ọ̀rọ̀ Bàbá Làmídì dùn mí dé egungun. Lẹ́tà dáadáa ni. N kò purọ́ nínú gbólóhùn kankan níbẹ̀ tí a bá mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kà á sókè níwájú gbogbo ẹbí, Akíntúndé sì jókòó síbẹ̀. Ìgbà náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ káàkiri pé èmi ni. Ìgbà náà sì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní òpùrọ́.

Ènìyàn lè gbé ìlú kan fún ogún ọdún kó má mọ̀ bóyá òun wà níbẹ̀ tàbí òun ń kọjá lọ. Bí wọ́n bá bi mí ní Margate pé ibo ni mo ti wá, mo máa ń sọ pé òpópónà báyìí, nọ́ńbà báyìí. Mo ti ra ẹ̀tọ́ láti dáhùn bẹ́ẹ̀. Èyí ni mo rò, títí ìwé Mísì Hólísì fi dé.

Mísì Hólísì ni arúgbó obìnrin tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé náà. Òun ló ni gbogbo ilé tẹ́lẹ̀ kó tó ta òkè fún mi. Kò lọ́kọ, ó ní ológbò kan àti ọgbà kékeré kan tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ ju ewébẹ̀ òyìnbó lọ. Ìwé tó fi sábẹ́ ilẹ̀kùn mi sọ pé àkókò ti tó láti san owó ilẹ̀ ti ọdún náà. Mo rò pé àṣìṣe ni. Mo gbé ìwé ilé mi jáde, mo kà á. Ó wà níbẹ̀. Yàrá ni mo rà, ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ni mo sì rà á fún. Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣì jẹ́ ti Mísì Hólísì, lọ́dọọdún ni n ó sì máa mú nǹkan wá fún un nítorí rẹ̀. Lọ́yà ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, mo ti fọwọ́ sí i. Èmi tí mo máa ń tún gírámà àwọn ẹlòmíràn ṣe, mo ti fò ó kọjá, torí ojú mi wà lára kọ́kọ́rọ́.

Ilé ni tèmi, ilẹ̀ ni tiwọn. Ìṣákọ́lẹ̀ ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ mi.

Owó náà kéré. Mo lè san án pẹ̀lú ohun tí mo bá rí gbà ní àárọ̀ méjì. N kò san án. Ọdún méjì ni n kò fi san án. Bí a bá pàdé lórí àtẹ̀gùn, obìnrin náà á béèrè pé, "Ṣé ìwé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ?" Màá ní, "Ó dé." Á ní, "Ó dáa," á sì gbé ológbò rẹ̀ wọlé. Ìgbéraga lásán ni. Ọmọ onílẹ̀ kò san ìṣákọ́lẹ̀ rí ní ìdílé wa, n kò sì fẹ́ kó jẹ́ èmi ni n ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nítòsí òkun àwọn ẹlòmíràn.

Ní ọdún kẹta, lọ́yà rẹ̀ kọ̀wé. Bí n kò bá san gbogbo rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, wọ́n á lọ sí kóòtù láti gba ilé náà padà, ìdáná, ilẹ̀kùn, fèrèsé òkun, gbogbo rẹ̀. Mo ka ìwé náà lórí ìdúró. Òye ohun tí mo jẹ́ yé mi lẹ́ẹ̀kan náà. Àlejò ni mí, àlejò tí kò mú ìṣákọ́lẹ̀ wá.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà, ọmọ òyìnbó kankan kò lè ṣe é. Ó yẹ kí n fi owó sínú àpòòwé, kí n fi ránṣẹ́ sí lọ́yà. Ṣùgbọ́n ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi pé a kì í rán àpòòwé sí onílẹ̀. Ènìyàn ń lọ fúnra rẹ̀ ni, kì í sì í lọ lọ́wọ́ òfo. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, mo ra iṣu kan ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Ghana. Mo fi ìwé ìròyìn wé e. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, mo sọ̀kalẹ̀, mo kan ilẹ̀kùn Mísì Hólísì. Mo gbé àpòòwé fún un pẹ̀lú owó ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo wá gbé iṣu náà lé e lọ́wọ́, orúnkún mi sì tẹ̀ láìjẹ́ pé mo rán an níṣẹ́.

Ó yí iṣu náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Ṣé igi ìdáná ni?"

"Oúnjẹ ni. Láti ìlú wa."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, àfi èèpo."

Ó gbé e sún mọ́ imú, ó gbóòórùn rẹ̀. "Ọmọ mi, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń sè é, eyín mi kò sì ní gbà á. Gbà, ìwọ ni kó o jẹ ẹ́." Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e padà fún mi, torí ó wúwo fún un. "N ó sọ fún lọ́yà yẹn kó fi ọ́ sílẹ̀. Máa gbé ilé rẹ."

Mo dúpẹ́. Mo gun àtẹ̀gùn dé àárín, mo jókòó, mo gbé iṣu náà lé itan. Obìnrin yẹn kò mọ ohun tó ṣe. Kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, síbẹ̀ ó mú un ṣẹ: títí tó fi kú, lọ́yà kankan kò tún kọ̀wé sí mi. Èmi mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi. Mo sunkún lórí àtẹ̀gùn bí n kò ṣe sunkún nígbà tí bàbá mi kú.

Lọ́jọ́ kejì mo pe Akíntúndé. Mo ní kó wá Bàbá Làmídì rí fún mi, kó mú un wá sídìí fóònù, torí mo fẹ́ sọ òtítọ́ fún un. Akíntúndé ní, "Ṣé ó dá yín lójú?" Mo ní ó dá mi lójú. Ó gbà á tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bàbá náà ń gbé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ta búrẹ́dì fún àwọn èrò ọkọ̀ Benin ní Ore. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ṣọ́ọ̀bù fóònù kan ti wà nítòsí gáréèjì nígbà náà, ibẹ̀ ló mú un wá.

"Ìyá òyìnbó," ni mo gbọ́. Ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín.

"Bàbá. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Ọjọ́ mẹ́ta rè é. Ṣé iṣu wà lọ́hùn-ún?"

"Ó wà, Bàbá. Bàbá, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ fún yín. Lórí ilẹ̀ yẹn."

"Ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́. Mo mọ̀." Ó wúkọ́. "Mo mọ̀ pé ẹ kò mọ̀ nípa rẹ̀. Àwọn ènìyàn ti wá bá mi pé ẹ̀yin ni. Èyí tó dúró tì mí yìí pàápàá sọ bẹ́ẹ̀ sí mi lójú. Mo ní kí wọ́n má bà yín jẹ́ lójú mi. Mo ní èmi ni mo wà níbẹ̀, mo ní ọwọ́ méjèèjì lẹ fi dá iṣu padà fún mi. Ọmọ bàbá yẹn kò lè dá iṣu padà lórí ilẹ̀ tó ti tà. Bí mo ṣe sọ fún wọn nìyẹn, wọ́n sì gbà."

Mo gbé fóònù sí etí kejì.

"N kò jẹ iṣu yẹn o," ló ní. "Mo wò ó pé ó tóbi, pé ọwọ́ yín ló ti wá. Mo gé e ní èbù, mo gbìn ín sẹ́yìn ahéré, ebè mẹ́rin. Ó ti fà dé orí ọ̀pá nígbà tí katakata dé."

"Bàbá."

"Kò burú. Ọlọ́run á jẹ́ kí ilẹ̀ gbà yín níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Ó ti dé eyín mi. Bí mo bá sọ ọ́, n ó gba ohun kan ṣoṣo tó kù fún bàbá yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo sọ fún ara mi. Ṣùgbọ́n èyí kọ́ ni ìdí rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ó dùn mọ́ mi pé ẹnì kan wà láyé tó ń gbèjà mi.

"Àmín," ni mo sọ.

Akíntúndé gba fóònù. "Sístà mi." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ kò sọ fún un."

Mo ń ká okùn fóònù mọ́ ìka mi.

"Ó dáa," ló ní. "N ó sìn ín délé."

Bàbá Làmídì kú kí ọyẹ́ ọdún náà tó tán. Ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ pé ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi títí dé òpin. Mísì Hólísì náà ti lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ta ilẹ̀ fún àwọn kan tí n kò rí rí, ìwé wọn sì ń dé lọ́dọọdún. Ọjọ́ tó bá dé ni mo ń san án. Ọdún tó kù lórí ìwé ilé mi pọ̀ ju èyí tó kù fún mi lọ, nítorí náà ilé tí mo fi oko Bàbá Làmídì rà yóò gbà mí dé ibi tó bá gbà mí dé. Àdúrà rẹ̀ ṣẹ. Èyí ni kò jẹ́ kí n sinmi.

Akíntúndé ṣì ń mutí. Ó tú páànù méjìlá lórí ilé ìyá wa, ó tà á, ó ní ìjì ló gbé e lọ. Irọ́ ni, n kò sì ní dárí ẹ̀ jì í. Ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀ ọ̀nà Ajue, kí ẹ̀yin ará Ago Alaye tí ẹ pè é ní òpùrọ́ nítorí mi lọ bẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni mo fọwọ́ sí ìwé. Ọjọ́bọ̀ ni mo dá iṣu padà.